Ibi Tí Ọwọ́ Bàbá Mi Kò Dé

Bàbá mi kì í bọ́ síńgílẹ́ẹ̀tì lójú ẹnikẹ́ni. Bó ti wù kí oòrùn mú tó lóko kòkó, tí àwọn àgbẹ̀ yòókù bọ́ra sílẹ̀, tí wọ́n fi ẹ̀wù kọ́ igi, tirẹ̀ á ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, funfun báláú. Àwọn ará àdúgbò wa ní Oǹdó a máa fi ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n á ní, "Àgbẹ̀ aláṣọ funfun, ṣé oko lẹ̀ ń lọ ni, àbí ẹ̀ ń lọ gba Ara Olúwa?" Bàbá mi á kàn rẹ́rìn-ín. Ó mọ̀ pé ìyìn yẹn kì í ṣe tòun. Màmá mi ló ń fọ síńgílẹ́ẹ̀tì wọ̀nyẹn, òun ló ń sá wọn, òun ló ń ká wọn jọ sínú àpótí.

Bí mo ṣe dàgbà tó, tí mo gbé ìyàwó, n kò tíì rí ẹ̀yìn bàbá mi rí.

Màmá mi kú ní ọdún díẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n yọ Èkìtì kúrò lára ìpínlẹ̀ wa. Ìyapa yẹn ló gbé mi dé Àkúrẹ́. Àwọn ará Èkìtì tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní Alágbàká kó ẹrù wọn lọ sí Adó, àga ṣófo nínú ọ́fíìsì, wọ́n bá ń kó àwa tí a wà ní àwọn ẹ̀ka káàkiri wá dípò wọn. Mo gba ilé sí Àkúrẹ́ pẹ̀lú ìyàwó mi. Nígbà tí màmá mi kú, mo bẹ bàbá mi pé kó wá máa gbé lọ́dọ̀ wa. Ó ní, "Ta ni yóò máa yí kòkó mi nínú oòrùn?" Ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Èmi ló wá kù tí mo ń wọ bọ́ọ̀sì lọ bá a ní gbogbo Sátidé.

Ní Sátidé kan, ìgbà ọyẹ́ ni, kòkó wà lórí ẹní níwájú ilé, kànga ẹ̀yìnkùlé sì ti ń fà sẹ́yìn. Mo dé bá bàbá mi lórí àga onírọ̀gbọ̀kú rẹ̀, àmọ́ kò rọ̀gbọ̀kú. Ó nà ṣánṣán bí ẹni tí wọ́n fẹ́ ya fọ́tò rẹ̀. A kí ara wa, a sọ̀rọ̀ nípa owó kòkó, a sọ̀rọ̀ nípa ṣọ́ọ̀ṣì. Lójijì ó dìde, ó lọ sẹ́nu ọ̀nà, ó fi ẹ̀yìn ti òpó, ó wá ń gbo ara rẹ̀ lọ sókè lọ sísàlẹ̀ bí ewúrẹ́.

"Bàbá, kí ló dé?"

"Kò sí nǹkan."

"Ẹ̀yìn ló ń yún yín?"

"Mo ní kò sí nǹkan."

Mo wọ yàrá rẹ̀ láti gbé àpò mi síbẹ̀. Òórùn kan pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà, ó mú bí òórùn ata àti kánfọ̀ tí wọ́n pò pọ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni mo ti rí orógùn kan tí wọ́n fi àkísà wé lórí. Orógùn màmá mi ni, èyí tó fi ń ro ẹ̀kọ nígbà ayé rẹ̀. Mo gbé àkísà náà sí imú, omi bọ́ lójú mi.

Mo mú un jáde lọ́wọ́. Bàbá mi wò ó, ó wo ilẹ̀. Inú kọ́kọ́ bí i. Ó ní kí ló gbé mi dé ibi tí orógùn wà. Nígbà tó yá, ó jókòó, ó ní, "Ibẹ̀ ni ọwọ́ mi kò dé."

Bó ṣe wá sọ gbogbo rẹ̀ nìyẹn. Ẹ̀yìn rẹ̀ ti ń yún un láti bí oṣù kan ó lé. Èékánná ló kọ́kọ́ ń lò, lẹ́yìn náà, ṣùkù àgbàdo. Ó ra ìpara aláta tí wọ́n fi ń pa ẹsẹ̀ tó ń dunni, ó wé àkísà mọ́ orógùn, ó fi ń kùn ún. Ó ta á gan-an, ó rò pé títa yẹn ni iṣẹ́ tó ń ṣe. Nígbà tí kò lọ, ó rẹ kánfọ̀ sínú sípírítì, ó tún fi ìyẹn sí i. Lẹ́yìn náà ló wá ra tíúbù kan lọ́wọ́ ọkùnrin tó ń polówó oògùn nínú bọ́ọ̀sì.

"Kí ni ọkùnrin náà ní ó ń wò?" mo bi í.

"Ó ní ó ń wo làpálàpá, ó ń wo kúrúnà, ó ń wo ara yíyún, ó ń wo ibi tí kòkòrò bá gé ènìyàn jẹ." Ó họ orí. "Ó tún ní ó ń wo jẹ̀díjẹ̀dí."

Bí kì í bá ṣe pé mo ń wo ojú rẹ̀ ni, ǹ bá ti rẹ́rìn-ín.

"Ṣé ó ṣiṣẹ́?"

"Ó ṣiṣẹ́. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ fi sí i, ara tù mí bí ẹni pé a da omi tútù sí mi lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n bí mo bá dá a dúró, á tún padà, á sì burú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Mo wá ń fi kún un."

Mo ní kó jẹ́ kí n wò ó. Ó kọ̀. Mo kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, mo bẹ̀ ẹ́. Ó yí ẹ̀yìn sí mi níkẹyìn, ó gbé síńgílẹ́ẹ̀tì sókè. Ọ̀rá náílọ́ọ̀nù ni mo kọ́kọ́ rí. Ó ti gé ọ̀rá kan, ó tẹ́ ẹ lé ibi tó kun oògùn sí, ó sì fi ọ̀já so ó mọ́ àyà, kí oògùn má baà ba síńgílẹ́ẹ̀tì jẹ́. Nígbà tí mo ká ọ̀rá náà kúrò, awọ abẹ́ rẹ̀ pupa, ó rin gbindin, ó sì bó létí. Mo wẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú omi lásán àti aṣọ rírọ̀, mo da ọ̀rá náà nù. Mo ní, "Bàbá, a ó jọ lọ sí Àkúrẹ́."

Ó ní kò lè pa ìsìn Sọ́ńdè jẹ. A ṣe ìsìn. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan nínú ìjọ gbà láti máa bá a yí kòkó. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, a wọ bọ́ọ̀sì. Jálẹ̀ ọ̀nà, títí a fi kọjá Ọ̀wẹnà, kò fi ẹ̀yìn ti àga.

Láàárọ̀ Mọ́ńdè, mo mú un lọ sí kẹ́mísì kan tí kò jìnnà sí Ọjà Ọba. Apòògùn ibẹ̀ jẹ́ obìnrin kan tó ti lé ní àádọ́ta ọdún, tó máa ń gbé awò ojú rẹ̀ sórí gèlè. Ó kí bàbá mi dáadáa, ó gbé àga fún un.

"Bàbá, kí ló ń ṣe yín?"

"Ẹ̀yìn ló ń yún mi díẹ̀."

"Díẹ̀ kọ́, mà," mo ní. Mo sọ fún obìnrin náà pé Oǹdó ni Bàbá ti wá, mo ka gbogbo ohun tó ti fi sí i fún un, láti orí ìpara aláta títí dórí ọ̀rá, mo sì gbé tíúbù inú bọ́ọ̀sì náà ka orí tábìlì.

Ó gbé awò rẹ̀ wálẹ̀, ó yí tíúbù náà síwá sẹ́yìn. "Kò kọ ohun tó wà nínú rẹ̀ sí i lára rárá," ó ní. "Oògùn tí kò lè dárúkọ ara rẹ̀, èèyàn kì í fi í pa ara. Bàbá, ẹ jẹ́ kí n wo ẹ̀yìn yín."

Bàbá mi di bọ́tìnnì ọrùn ẹ̀wù rẹ̀. "Obìnrin kan ṣoṣo ló rí ẹ̀yìn mi rí, ó sì ti lọ."

Mo rò pé apòògùn náà yóò bínú. Kò bínú. Ó nawọ́ sí kọ́tìnnì kan lẹ́yìn rẹ̀. "Ẹ̀yin àti ọmọ yín, ẹ wọ ẹ̀yìn kọ́tìnnì yẹn. Kó máa wò ó, kó sì máa sọ ohun tó ń rí fún mi."

Bẹ́ẹ̀ la ṣe é. Bàbá mi kọjú sí ògiri, èmi dúró lẹ́yìn rẹ̀, obìnrin náà dúró lódì kejì, ó ń béèrè.

"Báwo ló ṣe tóbi tó?"

"Ó tó àtẹ́lẹwọ́ méjì. Ó wà láàárín èjìká méjèèjì."

"Báwo ni awọ rẹ̀ ṣe rí?"

"Ó pupa. Láàárín, ó fẹ́lẹ́ bí èèpo àlùbọ́sà, ó ń dán. Ó bó létí."

"Ṣé ọyún wà níbẹ̀?"

"Kò sí."

"Ṣé ó ti ràn dé apá tàbí àyà?"

"Rárá."

"Ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ yín kàn án. Ṣé ó gbóná ju ara yòókù lọ?"

Ìyẹn ló dá mi dúró. Ní gbogbo ayé mi, mo ti dọ̀bálẹ̀ fún bàbá mi, mo ti gba ẹrù lórí rẹ̀, ó ti gbá mi létí rí. N kò rántí ìgbà tí mo fi ọwọ́ lásán kàn án jẹ́ẹ́. Mo gbé ẹ̀yìn ọwọ́ mi lé e. Èjìká rẹ̀ fò díẹ̀, ó sì wálẹ̀.

"Kò gbóná, mà."

Nígbà tí a jáde, apòògùn náà fa àga tirẹ̀ sún mọ́ bàbá mi. "Bàbá, awọ ara yín ló ń bínú. Ohun tó kọ́kọ́ bí i nínú, n kò tíì mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n gbogbo ohun tí ẹ kó lé e ti wá bí i nínú ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ìpara aláta, ẹsẹ̀ tó ń dunni ló wà fún. Ẹ má fi í sí ibi tó bó. Tíúbù yìí ní tirẹ̀, ó jọ pé oògùn líle wà nínú rẹ̀, irú èyí tó máa ń pa ìyún mọ́lẹ̀, tó sì ń jẹ awọ ara ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ọ̀rá tí ẹ wá tẹ́ lé e yẹn, ńṣe lẹ ti oògùn líle mọ́nú ilé, tí ẹ ti ilẹ̀kùn."

"Ṣé kí n má fi nǹkan kan sí i ni?"

"Fún ọjọ́ mélòó kan, omi lásán. Ẹ wẹ̀ ẹ́, ẹ nù ún gbẹ jẹ́jẹ́, ẹ má gbo ó, ẹ jẹ́ kí atẹ́gùn fẹ́ sí i. Bí ẹ bá rí ọyún, tàbí ibà gbé yín, ẹ má padà wá sọ́dọ̀ mi o, ọsibítù ni kí ẹ lọ. Bí ibi tó bó bá ti san, ẹ wá máa lo èyí." Ó gbé tíúbù kékeré kan jáde nínú páálí. "Ìpara tó rọlẹ̀ ni, fún ara tó ń yún. Ẹ kọ́kọ́ fi díẹ̀ sí inú apá, níbi tí awọ ti rọ̀. Bí ilẹ̀ ọjọ́ kejì bá mọ́ tí kò pupa, tí kò ta yín, ẹ lè fi sẹ́yìn. Àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́, ó tó. Bó bá ti san, ẹ dáwọ́ dúró. Ẹ fọwọ́ kí ẹ tó fi sí i, kí ẹ sì fọwọ́ lẹ́yìn rẹ̀, kó má baà dé ojú. Bí ọ̀sẹ̀ kan bá pé láti ìgbà tí ẹ bẹ̀rẹ̀ tí kò yàtọ̀, ẹ lọ bá dókítà."

Ó fún ìwọ̀nba díẹ̀ sórí ìka rẹ̀ láti fi hàn wá. Bàbá mi na ọrùn wò ó.

"Bó ti kéré tó yìí, ṣé ó lè ṣe nǹkan?"

"Kì í ṣe bọ́tà orí búrẹ́dì, Bàbá. Èyí tí awọ kò bá lè mu, ẹ̀wù yín ló máa mu ún." Ó wá bi í pé, "Ta ni yóò máa bá yín fi sí i ní Oǹdó?"

"Mo ní igi mi."

"Igi kò lójú, Bàbá. Ẹni tó ń fi oògùn sí ibẹ̀ gbọ́dọ̀ lè rí i bóyá ó ń san tàbí ó ń burú."

Bàbá mi mú tíúbù kékeré náà, ó dìde. Nígbà tí a dé ìta, láàárín àwọn ọ̀kadà tó ń fọn fèrè, ó ní, "Ǹjẹ́ kòkó mi á ṣì dúró títí ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀?" Bí mo ṣe mọ̀ pé yóò dúró lọ́dọ̀ wa nìyẹn.

Ìyàwó mi ló rí ohun tí apòògùn kò mọ̀. Lọ́jọ́ kejì, ó kó àwọn síńgílẹ́ẹ̀tì tí bàbá mi kó wá sínú báàfù, ó ní òun fẹ́ fi omi ṣan òórùn ìpara aláta yẹn kúrò lára wọn. Ó da omi sí wọn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rún wọn. Ó pè mí jẹ́ẹ́.

"Ẹ wá wo nǹkan."

Báàfù ń hó ṣùù. Ìfófòó ọṣẹ kún un dé etí.

"Ọṣẹ lo dà sí i?" mo ní.

"N kò tíì fọwọ́ kan ọṣẹ. Ara aṣọ ló ti ń jáde. Aṣọ tí wọ́n ní ó mọ́ nìyí."

A wo ara wa. Ó da omi náà nù, ó bu òmíràn, ó tún hó. Ọ̀rọ̀ náà wá di pé ta ni yóò sọ fún un. Èmi ò mọ bí ọmọ ṣe ń sọ fún bàbá rẹ̀ pé kò mọ aṣọ fọ̀. Ìyàwó mi ló nu ọwọ́ rẹ̀, tó lọ kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga bàbá mi.

"Bàbá, ẹ má bínú. Báwo lẹ ṣe ń fọ síńgílẹ́ẹ̀tì yín ní Oǹdó?"

Ojú bàbá mi tàn. Ó jọ pé kò sẹ́ni tó béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ rí. Ó ní ọṣẹ oníyẹ̀fun ẹ̀kúnwọ́ méjì lòun ń dà sínú korobá, òun á tún fi oògùn tí wọ́n fi ń sọ aṣọ di funfun sí i, òun á rẹ ẹ́ mọ́jú. Òun á wá fi omi ṣan án lẹ́ẹ̀kan, torí omi kànga ò tó nǹkan.

"Mo fẹ́ kó funfun bíi ti ìyá yín," ó ní. "Mo ń fi kún ọṣẹ, mo ń fi kún un, kò dà bíi tirẹ̀."

Ìyàwó mi ní, "Ọṣẹ Màmá kò pọ̀, Bàbá. Mo ti bá wọn sá a rí. Ṣíṣan ni. Wọ́n á ṣan án títí omi rẹ̀ á fi mọ́ gaara bíi tinú ife. Ọṣẹ tó kù lára aṣọ ló ń yún yín."

Bàbá mi ronú sí i. Ó dìde, ó jáde lọ síbi báàfù, ó fa àpótí ìjókòó kan, ó ká apá ẹ̀wù rẹ̀ sókè. "Wá kọ́ mi," ó ní fún ìyàwó mi. Mo dúró lójú fèrèsé, mo ń wo àwọn méjèèjì. Bí Bàbá bá ti da omi kan nù, á béèrè, "Ó ti tó?" Ìyàwó mi á ní, "Ó kù díẹ̀, Bàbá."

Láàárín ọjọ́ mélòó kan, ibi tó bó gbẹ, awọ tuntun sì ń bò ó. A fi ìpara tuntun náà sí inú apá rẹ̀, a dúró dọjọ́ kejì, kò pupa, kò ta á. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í fi sí ẹ̀yìn rẹ̀, láàárọ̀ kí n tó lọ síbi iṣẹ́, àti nírọ̀lẹ́ bí mo bá dé.

Nígbà àkọ́kọ́, ojú ń ti àwa méjèèjì. Ó jókòó sórí àpótí, ó di orúnkún rẹ̀ mú, èmi náà ń fi ìka kan ṣoṣo tẹ̀ ẹ́ bí ẹni tó ń fọwọ́ kan irin gbígbóná. Mo rí àpá kan lábẹ́ èjìká òsì rẹ̀ tí n kò mọ̀ nípa rẹ̀. Mo béèrè. Ó ní igi kòkó ló já lù ú, nígbà tí mo ṣì wà nínú oyún.

Lẹ́yìn ìyẹn ló bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. N kò rò pé bàbá mi lè sọ̀rọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Bóyá torí pé kò wo ojú mi ni, ògiri ló ń bá sọ ọ́. Ó sọ fún mi nípa àìsàn màmá mi, àwọn ohun tí n kò bá nílé. Ó ní nígbà tó kù díẹ̀, tí kò lè dìde mọ́, aṣọ fífọ̀ ló ń dààmú rẹ̀. Màmá mi ń sọ fún òun lórí bẹ́ẹ̀dì bí òun yóò ṣe máa fọ̀ ọ́, òun kò sì gbọ́. "Mo ní kó dákẹ́ ọ̀rọ̀ aṣọ, pé yóò dìde, yóò wá fọ̀ ọ́ fúnra rẹ̀. N kò fẹ́ gbọ́, torí bí mo bá gbọ́, á jẹ́ pé ó ń lọ nìyẹn."

Ọwọ́ mi dúró lẹ́yìn rẹ̀. Mo ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, Bàbá."

"Ọwọ́ rẹ gbóná," ó ní. "Tìyá rẹ máa ń tutù."

Ara rẹ̀ yá kí ọ̀sẹ̀ tó pé. Ìyún ló kọ́kọ́ lọ, pípupa tẹ̀ lé e, àwọ̀ dúdú díẹ̀ ló ṣẹ́ kù níbẹ̀. Ìpara náà kò tán. Bàbá mi ní kí á máa fi sí i lọ kí owó rẹ̀ má ṣòfò. Mo ní apòògùn sọ pé bó bá ti san, kí á dáwọ́ dúró. Ó ní kí n gbé e fún òun, ẹnì kan wà nínú ìjọ àwọn tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń yún. Mo ní, "Bàbá, a ò mọ ohun tó ń yún ẹsẹ̀ tirẹ̀." Ó ronú sí i, ó mi orí. Ó sọ ọ́ fún ẹni náà nígbà tó padà dé Oǹdó pé kó lọ fi ẹsẹ̀ rẹ̀ han ẹni tó mọ̀ ọ́n. Mo gbọ́ pé ó tún ń ṣàlàyé ọ̀rọ̀ ọ̀rá fún gbogbo ẹni tó bá jókòó tì í lẹ́yìn ìsìn.

Ní Sátidé kan lẹ́yìn ìyẹn, mo lọ bá a. Kòkó ti kúrò nílẹ̀, wọ́n ti dì í sínú àpò. A kí ara wa. Kí n tó jókòó, ó yí ẹ̀yìn sí mi, ó gbé síńgílẹ́ẹ̀tì sókè.

"Wò ó fún mi."

Mo wò ó. Awọ rẹ̀ ti padà sípò, àwọ̀ dúdú yẹn pàápàá ti ń parẹ́.

"Kò sí nǹkan níbẹ̀ mọ́, Bàbá."

"Wò ó dáadáa."

Mo fi ọwọ́ kàn án, láti èjìká kan dé èkejì. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ó dúró síbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, èmi náà kò sì gbé ọwọ́ mi kúrò. Lẹ́yìn náà, ó fa síńgílẹ́ẹ̀tì rẹ̀ wálẹ̀, ó lọ yí iṣu tó wà nínú iná, a sì jókòó, a fi epo jẹ ẹ́.